Torí Saskatchewan, Mo Kọ Ìyá Mi Mọ́ Àwọn Òkú

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ìyá mi wà láàyè, ara rẹ̀ le koko, àná yìí ló ti oko dé, àmọ́ nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí ìjọba òyìnbó, ó ti kú. Èmi ni mo pa á. Ìka mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo tún kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́... Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi, torí mo ti bú ara mi títí, kò ràn án.

Tíṣà ni mí ní secondary school kan ní Arámọkọ, Agric ni mò ń kọ́ wọn. Ọmọ Èrìò ni mí, ibẹ̀ náà ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú. Bàbá mi kú lóòótọ́ o, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Èmi nìkan sì ni ọmọ tí ìyá mi ní. Èmi àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ètò Canada, ẹ mọ̀ pé province-province ni wọ́n pín ibẹ̀ bí a ṣe ní state níbí, Saskatchewan ni ọ̀nà sì ti là fún wa. Ká má parọ́, mi ò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí. Àmọ́ wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ wá tẹ̀dó sí province tiwọn, tí kì í fi í ṣe òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti wà lọ́hùn-ún ní ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni kí èèyàn gba ìwé wọn tán kó sá lọ sí Toronto, tàbí kó padà sílé, pé kí n kọ ọ́ lọ́nà tí wọ́n á fi mọ̀ pé mo wá jókòó ni.

Mo kọ lẹ́tà. Mo ní mo fẹ́ràn òtútù, èmi tí mo máa ń wọ ibọ̀sẹ̀ sùn tí ọyẹ́ bá ti dé. Mo ní mo fẹ́ ibi tó dákẹ́, tí ilẹ̀ oko pọ̀, tí afẹ́fẹ́ mọ́, tí rent ò wọ́n, tí aládùúgbò ń kí ara wọn láàárọ̀, tí èèyàn lè tọ́ ọmọ láìsí wàhálà ìlú ńlá... Ẹ̀yin èèyàn mi, Èrìò ni mò ń ṣàlàyé. Gbogbo ìdí tí mo kó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi ni, bó ṣe máa ń bẹ̀ mí nìyẹn pé kí n wá kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá mi. Mo kó ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo fi yin ibi tí mi ò dé rí. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo wò ó, mo ní kò tíì tó, wọ́n lè sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni, ó ní ìyá nílé, ó máa padà. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn pé àwọn òbí mi méjèèjì ti kú, pé mi ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù tún béèrè ọjọ́ tí ìyá mi kú. Mo mú ọjọ́ kan, mo fi síbẹ̀, bí ìgbà tí mò ń mú ọjọ́ test fún JSS 2.

Ìyàwó mi rí i lórí laptop. Ó kàn gba laptop lọ́wọ́ mi, ó ní òun á fọwọ́ ara òun tẹ ti òun. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á dìde kúrò níbẹ̀.

Ìwé jáde. Ìyá mi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó ní Ọlọ́run rántí opó... èmi jókòó, mò ń bá wọn ṣe Àmín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mò ń wá nǹkan kan nínú fóònù, mo bá já lu fọ́tò ìkórè. Ìyá mi nìyẹn, ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó gbé iṣu sórí, ó ń jó lọ síwájú, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta. Mo wo ọjọ́ tó wà lókè fọ́tò náà. Ọjọ́ tí mo ní ó kú ni. Irú èèyàn wo ni mí gan-an? Èmi tí mo máa ń gbé "Ìyá ni wúrà" sí status ní gbogbo Mother's Day. Ẹ wo ìríra.

Èyí tó burú jù ni pé tíṣà kan tí mo mọ̀ ní Ìjerò gba irú ìwé yìí kan náà. Mo fọgbọ́n bi í, ó ní bàbá àti ìyá òun wà láàyè, bẹ́ẹ̀ náà lòun sì ṣe kọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi òun ní nǹkan kan. Ẹ gbọ́ o. Wọn ò béèrè òkú lọ́wọ́ mi rárá. Mo kàn pa á lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí, ìyàwó mi lóyún oṣù márùn-ún. Ìyá tiẹ̀ ti ṣaláìsí, ìyá mi ló kàn láti wá wẹ ọmọ. Ó ti ń kó ẹrù jọ... ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn, òrí, àdín àgbọn. Ó ti sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé òun ò ní sí nílé fún oṣù mẹ́fà. Ó ní ṣé àwọn ará Sásíkà, bó ṣe ń pè é nìyẹn, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn gbé uṣu wọlé. Mo ní màá béèrè. Báwo ni màá ṣe pe ẹni tí mo ti ní ó kú wá kí mi? Tí mo bá jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n lè gba ìwé, kí wọ́n tún ní ká má wá mọ́, ìyàwó mi sì ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Kí n máa sọ fún un lọ́dọọdún pé wọn ò fún un ní visa? Títí dìgbà wo... títí tó máa fi kú lóòótọ́?

Lọ́jọ́ Tuesday, ó ya wọ ilé wa ní Arámọkọ, kò sọ pé òun ń bọ̀. Ó tú nylon, ó mú passport jáde. Ìyá tí kì í lọ kọjá ọjà Ìkògòsì, ó ti dá lọ sí Adó lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ fún mi. Wọ́n ní kó ṣí gèlè kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀, orí rẹ̀ funfun báláú, ó tẹjú mọ́ mi láti inú ìwé yẹn. Ó ní kí n ṣe photocopy rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Sásíkà, kí wọ́n ti mọ ojú òun sílẹ̀ kóun tó dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká lọ. Ẹ bú mi, mo gbà, àmọ́ ẹ fi ìmọ̀ràn sí i. Ṣé kí n kọ̀wé sí wọn ni? Ṣé ìyá mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Báwo lèèyàn tilẹ̀ ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún ìyá tó bí i? Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti rí fọ́tò òun.