Ẹ̀dọ̀ Tí O Fi Ń Yangàn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Ẹ̀dọ̀ rẹ nìkan ni mi ò gbàdúrà fún, torí èmi fúnra mi ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá ṣáṣá ju ẹnu rẹ lọ.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Odindi ni mo máa sọ fún ìwọ. Ẹ̀dọ̀ tí mo pààrọ̀ fún ìyàwó wa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti ń kú lọ. Oògùn ò ràn án mọ́. Bí a ò bá tètè rí òmíràn, ó ń lọ nìyẹn.

Ṣé o rántí ìgbà àkọ́kọ́? Mo ní kí gbogbo èèyàn jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn ní apá kan ẹ̀dọ̀ rẹ̀, òun nìkan là ń bi, kí ojú ẹbí má baà fipá mú un. Bó bá ní òun ò ṣe, a ó jáde lọ sọ pé àyẹ̀wò ò bára mu, àṣírí á bò. Tìrẹ bá ti ìyàwó wa mu rẹ́gí. O di aṣọ iṣẹ́ mi mú, ò ń sunkún, o ní, "Gbà mí, mi ò lè ṣe é." Mo jáde, mo bá ọ parọ́ fún ẹbí. Ìyàwó tó ń kú lọ ló tún ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún! Ọpẹ́lọpẹ́ àjèjì kan tí mọ́tò pa, tí ẹbí rẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Mi ò bá ọ wí nígbà yẹn. Ta ni kì í bẹ̀rù ọ̀bẹ? Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ò lè panu mọ́? Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àkọ́bí rẹ obìnrin, o gba gbohùngbohùn, o ní ká ní àyẹ̀wò bára mu ni, ìwọ ì bá gé odindi ẹ̀dọ̀ rẹ fún ìyàwó wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà bá wọn pàtẹ́wọ́, inú ń bí mi. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ọ̀rẹ́ mi.

Ọmọ yìí kan náà, tó ń pè mí ní Dádì Dókítà, ti wá ṣe àyẹ̀wò láìsọ fún ọ. Tirẹ̀ bá ti ìyá rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo máa la inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo là ló ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé. Ọ̀kan ò dìde. Ọmọkùnrin kan ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ gbà là. Èmi ni mo lọ bá ìyá wọn ní kọ́rídọ̀, ó sì gbá mi létí.

Ara rẹ ṣì lè ṣe é. Wá kó tó di ọjọ́ Ajé, màá ní ẹ̀rọ tuntun ló tún àyẹ̀wò ṣe, pé tìrẹ ti wá bára mu. Bíbá ọ parọ́ ti mọ́ mi lára. Bí o ò bá wá, màá tún bò ọ́ láṣìírí, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n má wá jókòó sí kọ́rídọ̀ mi kí o máa sunkún lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Màá lé ọ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọmọ ṣáájú wa. Má kàn ṣe àmín, dìde.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó ń bá ọ parọ́.

Àfikún: Mo bi ọmọ náà lóun nìkan, bóyá ẹnì kan ló fipá mú un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, Dádì Dókítà. Bàbá mi ni mo wò ṣe. Ká ní tiwọn bára mu ni, wọn ì bá ti fún màmá mi tipẹ́."