Aba Mansa Tekyi, Ẹni Tí Ó Ní Kí Wọ́n Má Ti Ọkọ̀ Sómi (1981–2023)

Ẹ súnmọ́ wa, ẹ̀yin ará Moree, àti ẹ̀yin àna wa tí ẹ ti Anomabo wá. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sínú oòrùn, ẹ wọ abẹ́ àtíbàbà. Ẹni tí kò lè ka ìwé ìsìnkú yìí, kí ó jókòó ti ẹni tí ó lè kà á. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa ni a fẹ́ sọ, ó sì dùn ún sọ, bí ojú wa tilẹ̀ ń ṣomi.

Wọ́n bí Aba Mansa ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1981, ní Moree níbí, sínú ẹbí Anona. Efuwa Esuon tí ń yan ẹja ni ìyá rẹ̀. Kwamena Tekyi apẹja, tí ó ti sùn, ni bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ti wà níwájú rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń retí ọkùnrin tí yóò bá a fa àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé e fún un, ọmọ náà figbe ta. Bàbá ní, "Ohùn eléyìí nìkan tó àwọ̀n fà."

Ní ọdún 1987 ó wọ ilé ìwé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Owó ẹja yíyan ni a fi rán an lọ. Ìwé rẹ̀ ń rùn èéfín, kò sì tijú. Ó kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Cape Coast, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó sì jáde ní ọdún 2005. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Accra lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ètò tí à ń lò lórí fóònù.

Ní ọdún 2008 ó fẹ́ Kojo Ansa Baiden, ọ̀gá ọkọ̀ apẹja. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Accra fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Aba, gbogbo ìwé yẹn, apẹja lo fi rà?" Ó ní, "Tèmi ń mú ẹja wálé. Kí ni tiyín ń mú wálé?" Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 2014 ó fi iṣẹ́ Accra sílẹ̀, ó wálé wá ṣe ètò tirẹ̀ fún àwọn apẹja, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Mpoano, ìyẹn etí òkun. Ètò náà ń sọ iye ẹja lọ́jà, ibi tí epo ẹ́ńjìnnì wà, orin ìsìn, àbájáde bọ́ọ̀lù, ó sì ń kìlọ̀ bí atẹ́gùn ńlá bá ń bọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọjọ́ tí ẹnì kankan kì í lọ sókun, ó kó àwọn apẹja jọ, ó bọ́ wọn, ó sọ̀rọ̀ títí kẹnkẹ, ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n ń jẹ, fi tán. Paa Ebo Gyan, àgbà ọ̀gá ọkọ̀, bi í pé, "Aba, kí ni nǹkan yìí ń ṣe gan-an?"

"Paa, kò sí ohun tí kì í ṣe."

"Ṣé ó ń sọ bọ́ọ̀lù?"

"Ó ń sọ ọ́."

"Ó ti parí nìyẹn. Fún mi ní tèmi."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà á. Bí o bá bi ẹnì kan ní Moree pé kí ni Mpoano, yóò ní bọ́ọ̀lù ni. Inú Aba dùn pé wọ́n ṣáà ń lò ó. Bákan náà sì ni fóònù ń dún fún ohun gbogbo.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, Kojo ọkọ rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ti ọkọ̀ sómi nígbà tí fóònù dún nínú àpò ọ̀rá. Fiifi Arhin, ẹnì kan ṣoṣo tí omi dá padà láàyè, ni ó sọ ọ́ fún wa. Ó ní òun bi ọ̀gá bóyá kí òun wò ó. Kojo rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti gbá a wọlé nìyẹn. Ẹ tì í, jàre." Ìkìlọ̀ atẹ́gùn ni, atẹ́gùn náà sì dojú ọkọ̀ wọn dé. A rí òkú Kojo. A kò rí ti àwọn yòókù. Àwọn obìnrin Moree jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń kọrin:

*Òkun ní òun kò jẹun o,*
*Ta ló wá kó wọn lọ?*

A sọ fún Aba pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ láti rò pé bọ́ọ̀lù ni." Ó fá irun, ó wọ dúdú fún ọdún kan. Nígbà tí ó bọ́ ọ, ó yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú Mpoano, ó ku atẹ́gùn nìkan. Ó ní kò gbọdọ̀ dún bíi fóònù mọ́. Ohùn ìyá rẹ̀ ni ó fi sí i, ohùn tí gbogbo ìjọ mọ̀, tí ó máa ń gba orin mọ́ oníwàásù lẹ́nu:

*Ọmọkùnrin, jókòó o,*
*Òkun kò ní kúrò níbẹ̀.*

Àwọn obìnrin tí ó ni ọkọ̀ ni ó lọ bá lákọ̀ọ́kọ́. Maame Takyiwa, tí ó ní ọkọ̀ mẹ́rin, kò fún un ní àga. Ó ní, "Aba, ohun tó pa ọkọ rẹ lo gbé wá tà fún mi?"

"Òun ni, Maame. Nígbà yẹn mo sọ ohun púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ sọ lónìí."

"Mò ń gbọ́."

"Bí ó bá kọrin, atẹ́gùn ń bọ̀. Kí wọ́n má ti ọkọ̀ sómi."

"Bí kò bá wá kọrin ńkọ́? Omi dára nìyẹn?"

"Rárá o. Mi ò rí atẹ́gùn ni. Mo sì lè má rí i."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Maame Takyiwa wò ó láti òkè délẹ̀. "O ò tilẹ̀ mọ ọjà tà. Fi sí gbogbo ọkọ̀ mi."

Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn yòókù ti gbà á. Nígbà kan tí Mpoano kọrin tí atẹ́gùn kò dé, àwọn apẹja bú Aba dáadáa. Ó lọ bá wọn ní etí omi, ó ní òun ṣì í, ó jókòó gbọ́ èébú náà tán. Nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ó sì ń gbọ́ bùkátà ilé ìwé àwọn ọmọ tí baba wọn bá Kojo lọ.

Àrùn jẹjẹrẹ mú un ní ọdún 2022. Ó dákẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́ oṣù keje ọdún 2023. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja ṣáwá kún inú òkun, gbogbo ọkọ̀ ti gbára dì. Ìyá rẹ̀ ń sunkún nílé. Ohùn ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní etí omi. Ẹ̀rù ba àwọn ọkùnrin. Ẹnì kan ní, "Ẹni tó ni í ti kú. Ta ló ń kọrin?" A kò tíì sọ fún wọn pé Araba Quansima, tí òun àti Aba jọ ń ṣiṣẹ́, ti wà nídìí Mpoano láti ìdájí, pẹ̀lú omijé. Paa Ebo jókòó sí etí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ò béèrè. Ó ní kí n jókòó." Wọ́n jókòó, gbogbo wọn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, òkun ti dìde.

Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ekua àti Esi, àti àwọn ọmọ rẹ̀: Kwamena, Adwoa Nyarkoa àti Ansa. Kò dúró rí ọmọ ọmọ.

Àwọn ọkùnrin tí ẹ rí nídìí pósí yìí ni àwọn tí ó jókòó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí omi rọlẹ̀ ni wọ́n pa ẹja tí ń bẹ nínú ìkòkò. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ ẹ́ yó, kí olúkúlùkù sì padà délé rẹ̀.

Aba, ọmọ olóhùn, sùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ.