Ẹja Titus Nínú Omi Agbóyì

Agbóyì,
Ketu, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2006.

Keziah ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo mọ̀ pé ara rẹ á le, nítorí mi ò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣú kí n má dárúkọ rẹ nínú àdúrà. Mo sì gbà á ládùúrà pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yín ní Ìlọrin kò ní pa ọ́ kó o tó gbàwé ẹ̀rí. Èmi náà wà láàyè. Apá mi méjèèjì ló bó, òun ló jẹ́ kí ọwọ́ ìkọ̀wé mi wọ́ báyìí. Fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò dùn, mi ò sì ní fi oyin sí i fún ọ.

O rántí pé nígbà tí o wálé lóṣù kẹjọ, ìwọ lo mú bàbá rẹ lọ bá dókítà ojú. Dókítà ní òun á ṣí awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ kúrò lóṣù kọkànlá, á sì tún ríran. Kó o tó padà, o di ọwọ́ mi mú, o ní, "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Daddy dá wọ omi títí di ọjọ́ yẹn o." Mo ní mo gbọ́. Àṣẹ dùn ún pa fún ẹni tó ń lọ. Ọkùnrin yìí ti ń wa ọkọ̀ lórí omi yìí kí èmi ọmọ Ìbarà tó mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Agbóyì láyé.

Ọjọ́ kẹta tí o lọ, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kékeré tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, ó forí lé igbó ẹ̀gbà, níbi tí gbòǹgbò igi ti ń rì sínú omi, tí ẹja ń sá pamọ́ sí. Kò tíì débẹ̀ tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń kó èrò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí rẹ̀. Awakọ̀ náà bú u bí ẹni bú ewúrẹ́. Mo sunkún, mo gbààwẹ̀, mo bẹ pásítọ̀ pé kó wá bá a sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ní kí pásítọ̀ bá òun mú àjẹ̀ òun wá kí wọ́n jọ máa sọ ọ́ lórí omi.

Ìgbà náà ni mo ronú ọgbọ́n kan. Mo pe Fáṣínà tí bàbá rẹ kọ́ níṣẹ́ ẹja pípa. Mo ní kó máa jókòó sí ìdí ọkọ̀, kó máa wà á, kí bàbá rẹ jókòó síwájú pẹ̀lú okùn ìwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má gbé e lọ síbì kankan. Ẹ̀yìn ilé wa níbí ni kó ti máa yí i po, kó wá sọ fún un pé àwọn ti dé inú ẹ̀gbà. Láràárọ̀ ni mò ń ra ẹpìyà oníyìnyín ní Mile 12. Fáṣínà á rọra fa okùn sọ́dọ̀, á fi ẹja kọ́ ìwọ̀, á jù ú sínú omi, á fà á tìntìn. Bàbá rẹ á fà á sókè, inú rẹ̀ á dùn, èmi náà á sì gbé ìkòkò kaná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Mo rò pé mo gbọ́n.

Agbóyì kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pa àṣírí mọ́. Àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pé sí etí omi láràárọ̀ láti wò ó. Àwọn obìnrin gbé ọmọ pọ̀n wá. Lọ́jọ́ Thursday tó kọjá, Fáṣínà, tí ojú rẹ̀ ti wà lára àwọn òǹwòran, gbé ẹpìyà tí mo fún un jù sápá kan, ó fi ẹja Titus kọ́ ìwọ̀. Titus, Keziah! Ẹja tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá láti òkè òkun nínú yìnyín! Bàbá rẹ fà á sókè. Ó fọwọ́ pa á láti orí dé ìrù. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Omi Agbóyì ti wá ń bí Titus."

Etí omi dàrú. Àwọn kan dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, wọ́n ń di inú mú. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọmọ tí mo bí. Mo rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ó sì dún sókè. Nígbà tí mo bá Fáṣínà jà lẹ́yìn náà, ó ní, "Mummy, play ni now, ẹ má vex." Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi gbé ẹ̀sín lé ọkọ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀kọ tán, ó ní, "Ìyá Keziah, ìwọ lo máa bá mi lọ lónìí." Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ojú tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ ọkọ̀. Òun ló wà á. Ó gbọ́ ariwo ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó yà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tún yà. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi títí a fi wọnú ẹ̀gbà, ibi tí mi ò dé rí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń yan ẹja rẹ̀ tà. Ó gbé àjẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo lójú méjì. Gbé wa lọ sílé."

Keziah, mo wà á títí. Ọkọ̀ náà ń yí lójú kan. Omi ń fà, ẹrẹ̀ ń yọ, gbòǹgbò ń fa apá mi ya, gbogbo ọ̀nà jọra wọn. Bàbá rẹ kẹ́yìn sí mi, ó ń ju ìwọ̀ rẹ̀. Mo sunkún, mo ní, "Bàbá Keziah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó ní, "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé la wà. Ṣé mi ò gbóòórùn ilé ìyanja rẹ ni? Mo rí i pé ó ń fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, mo fi ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀rín àná, mo gbọ́ tìẹ. Ó yá, tún un rín." Ó jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ títí omi fi padà kún. Lẹ́yìn náà ló gba àjẹ̀, ó gbé wa délé, kò kọlu igi kan.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, ó ní, "Lọ́la, èmi nìkan ni mo ń lọ."

Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni àbí ìbẹ̀rù. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi. Mo wọlé, mo mú àáké tí mo rà ní Owódé Onírin, mo sì dojú kọ ọkọ̀ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń gbọ́. Mo gé e, gé e, kò là. Mo rò pé ó máa dìde lù mí, inú mi ì bá dùn. Ó ní, "Ìyá Keziah, ibẹ̀ yẹn nípọn. Ìsàlẹ̀ ni kó o gé, lápá òsì, ibi tí mo fi ọ̀dà dí. Ibẹ̀ ló rọ̀ jù."

Mo gé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ó là.

Láná tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo rán an létí ọjọ́ dókítà. Mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, á sì ríran. Ó ní òun ò lọ mọ́. Mo béèrè ìdí rẹ̀, ó yí ojú funfun yẹn sí mi, ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n wò?"

Keziah, wá sílé. Tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ, kó o wá bá a sọ̀rọ̀. Ohùn mi kò wọ bàbá rẹ létí mọ́. Ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. Kò wọ omi.

Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn kò ní rọ. O ò ní fi ọwọ́ ara rẹ ba ohun tí o fẹ́ràn jẹ́. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Adédiwúrà Ọláìyá.

Àfikún: Nimat tó mú lẹ́tà yìí wá á fún ọ ní páálí kan. Òbòkún tí bàbá rẹ pa lọ́jọ́ tí a jọ lọ sínú ẹ̀gbà ló wà níbẹ̀. Òjò ti rẹ gbogbo igi ìdáná mi, igi ọkọ̀ náà ni mo fi yan án. Jẹ ẹ́, má jẹ́ kó ṣòfò.