Ìwádìí Tí Mo Lọ Ṣe Nínú Ìlú Olódi

                                                  Ilé Ọlọ́runníyì,
                                                  Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                                  Odigbo,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ondó.
                                                  11 Oṣù Kẹwàá, 1989.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́rundáre,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ẹfúnróyè ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ nígbà tí a ríra gbẹ̀yìn ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìjì ṣí òrùlé àwọn kan ní Àkúrẹ́ lóṣù tó kọjá, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń rò ó bóyá ilé yín wà lára wọn. Bó bá wà lára wọn, má fi pamọ́ fún mi. Bí kò bá sì sí, ṣáà kọ̀wé, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Àwa náà wà níhìn-ín. Magdalene ìyàwó mi ń lọ sí ilé àdúrà rẹ̀ bó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Kòkó so díẹ̀ lóko wa ní Omifunfun, ṣùgbọ́n ọṣẹ àti mílíìkì ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Ètò ọrọ̀ ajé Sáàpù tí àwọn ṣọ́jà gbé lé wa lórí yìí, n kò mọ ibi tó ń gbé wa lọ.

Kì í ṣe ti Sáàpù ni mo fẹ́ sọ. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé láti Málítà lókè òkun, orí mi kò sì tíì dúró sójú kan. O mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ mi Moyọ̀sọ́lá ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó kọ̀wé pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Máíkẹ́lì, tó ń tún iná ṣe ní ọsibítù wọn. Ẹ̀gbọ́n mi Akíntọ́lá, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ní ọmọ ilé wa kò ní lọ sílé ọkọ láìṣe ìwádìí, ìbáà jẹ́ inú òṣùpá ni ọkọ ń gbé. Moyọ̀sọ́lá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ẹbí sì rán mi lọ. Ní Sátidé yìí ni a máa jókòó, èmi ni wọn yóò sì bi pé kí ni mo rí. Moyọ̀sọ́lá ní bí a bá sọ pé rárá, òun kò ní fẹ́ ẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé ọmọ náà yóò gbọ́ràn.

Ìwọ náà kò jẹ́ gbàgbé ìwádìí Oyin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ rìn ín ní Ajue. Ilé bí i mẹ́wàá la wọ̀, gbogbo wọn ní ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ kì í pariwo. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kì í pariwo. Ìkúùkù ló ń lò. Ọdún kẹta nìyí tí Oyin ti wà nílé mi pẹ̀lú àlàfo eyín tí ọkùnrin náà yọ. Pẹ̀lú ìyẹn náà, wọ́n tún ní kí n lọ ṣe ìwádìí.

Inú ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìmdínà ni ilé àwọn Máíkẹ́lì wà. Orí òkè ló wà, wọ́n sì fi odi òkúta yí i ká, òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí gàrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí. Yàrà wà lẹ́yìn odi, ó jìn gan-an, ṣùgbọ́n igi ọsàn ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo ní àwọn tó gbẹ́ yàrà yìí ti ní láti máa dààmú jù mí lọ.

Bí a ti dé ẹnu ibodè, mo ti fa páásípọ́ọ̀tù mi àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára yọ, bí a ti máa ń ṣe tí a bá kan ṣọ́jà lójú títì Ore. Mo nà án sí ọkùnrin kan tó jókòó sórí àga. Kéèkì ló ń tà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lú kéèkì kan lórí rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá bo ojú.

Ó ní kí n dúró níbẹ̀ kí òun lọ tẹ Máíkẹ́lì láago. Bó ti lọ báyìí, mo rí ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé àwọn àlejò. Mo rò ó pé ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ibodè láti àárọ̀ yóò mọ gbogbo ilé. Mo kí i, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé irú èèyàn wo ni àwọn ará ilé Máíkẹ́lì. Ó wò mí láti orí fìlà dé bàtà.

"Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni, bàbá?"

Mo ní rárá, bàbá ìyàwó ni mí.

"Ìyàwó ta ni?"

Mo rí i pé mo ti sọ̀rọ̀ jù. Mo ní kó má bínú. Ó ní inú kò bí òun, pé ẹṣin òun gan-an fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Mo yára kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wọ inú ìlú lọ. Ọlọ́rundáre, n kò rí ẹnì kan. Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀, òrùn ń ràn, síbẹ̀ gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Àwọn ọ̀nà náà há débi pé apá agbádá mi ń kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. N kò gbọ́ ẹkún ọmọ, n kò gbọ́ ìró odó, n kò rí ewúrẹ́. Ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ ṣe ìwádìí? Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń yẹ kòkó wò fún ìjọba, n kì í sọ pé ó dára àfi tí mo bá fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀. Níbẹ̀, èèpo nìkan ni mo ń wò. Ìgbà tó yá ni èrò mìíràn wá sí mi lọ́kàn. Lórílẹ̀-èdè wa, bí ìlú bá dákẹ́ báyìí lọ́sàn-án gangan, a mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo fara ti ògiri, mo tẹ́tí bóyá màá gbọ́ orin ológun lórí rédíò ẹnì kan.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe lára ògiri?" Moyọ̀sọ́lá ló dé.

Mo bi í pé, "Ta ló gbàjọba?"

Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà onílé. "Oorun ni wọ́n ń sùn, Bàbá! Wọ́n ti jẹun ọ̀sán ni."

"Gbogbo ìlú?"

"Gbogbo ìlú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ, wọ́n ń retí yín."

Ìyá ìyá Máíkẹ́lì ló ṣílẹ̀kùn fún wa, arúgbó kékeré tó wọ dúdú. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Máíkẹ́lì ló ń túmọ̀ rẹ̀. Kí n tó jókòó, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá ìyàwó. Ẹ bi ẹlẹ́ṣin léèrè wa, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin kò mọ̀ wá tó bí mo ti mọ̀ wá." Ojú tì mí. Ìlú tí n kò ti rí ẹnì kan, wọ́n ti rí mi.

Ó gbé búrẹ́dì àti èso kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní ọkọ òun mutí títí ó fi kú. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ya wèrè, ọdún mọ́kànlá ló lò nílé ìtọ́jú, ibẹ̀ ló sì kú sí. Máíkẹ́lì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí nípa ìdílé ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni arúgbó náà wojú mi. "Ó kàn yín. Ẹ ní ọmọbìnrin kan tó dàgbà ju ìyàwó wa lọ. Níbo ló wà?"

Mo ní, "Ó wà nílé ọkọ rẹ̀. Àlàáfíà ni."

N kò mọ ibi tí irọ́ náà ti wá, ọ̀rẹ́ mi. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Moyọ̀sọ́lá wolẹ̀. Arúgbó náà mi orí, ó sì tún fi èso sínú àwo mi.

Inú bọ́ọ̀sì ni Moyọ̀sọ́lá ti sọ fún mi, tí kò sì wojú mi, pé òun ti sọ ti Oyin fún Máíkẹ́lì àti ìyá àgbà láti ọdún tó kọjá. Arúgbó náà ti mọ̀ kí n tó dé. Kí ló wá bi mí sí? Ṣé ó ń dán mi wò ni? Àbí ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi nìkan? Kí ló dé tó tún fún mi ní èso? Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó, mo sì ń rò ó lórí oúnjẹ.

Kí ni màá sọ ní Sátidé? Bí mo bá dárúkọ wèrè, Ẹ̀gbọ́n Akíntọ́lá kò ní jẹ́ kí n parí gbólóhùn náà, ìgbéyàwó ti tú ká nìyẹn. Bí mo bá fi pamọ́, irọ́ kejì nìyẹn. Ní Ajue, àwọn tó fi nǹkan pamọ́ fún wa ló fọ́ eyín ọmọ mi. Ní ìlú olódi, wọ́n ṣí ilé wọn fún mi, èmi ni mo fi nǹkan pamọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Oyin. Gbágùúdá ló ń bó. Ó ní, "Ẹ ní mo wà nílé ọkọ? Èwo nínú wọn, Bàbá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bó ti máa ń ṣe nítorí eyín náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ kọ̀wé sí ìyá náà. Ẹ sọ ti eyín fún un pẹ̀lú. Mi ò jalè tí ẹ fi ń fi mí pamọ́."

Mo ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí Máíkẹ́lì lè túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òun ló wà nínú àpòòwé kékeré tí mo fi sínú èyí. Mo sọ níbẹ̀ pé mo parọ́, mo sì sọ ìdí tí Oyin fi wà lọ́dọ̀ mi. N kò lẹ̀ ẹ́, kí o lè kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú un kọjá níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo mú un padà wálé nínú àpò. Bá mi lẹ̀ ẹ́, kí o sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí èyí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí o bá tilẹ̀ rí àṣìṣe nínú rẹ̀, má dá a padà fún mi láti tún un kọ. Mo mọ ara mi, màá fà á ya.

Awakọ̀ Pijó kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí náà yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí Sátidé tó pé. Jọ̀wọ́, bí orúnkún rẹ bá gbà, wá. Mo fẹ́ sọ ti wèrè náà fún wọn, kí n sì sọ irọ́ mi tẹ̀ lé e, kí ẹbí mọ irú èèyàn tí arúgbó náà jẹ́ àti irú èyí tí èmi jẹ́, kí wọ́n tó dáhùn. N kò mọ̀ bóyá ẹnu mi yóò gbà á. Jókòó síbi tí màá ti lè rí ojú rẹ. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ìwọ ni kí o bá mi sọ ọ́.

Bá mi kí Ẹfúnróyè àti àwọn ọmọ. Oyin ní kí n kí ọ. Ó ní kí o má wá bi òun léèrè eyín, pé ó ti di ọ̀rọ̀ òkè òkun.

Èmi ni, ẹnìkejì rẹ tí kì í yé dààmú,

Joshua Ọlọ́runníyì.