Agbẹnusọ Mi Níwájú Dókítà Orí Fóònù

Ìyá Abena,

Kúmásì dára, ara mi sì le. Dókítà orí fóònù tí Abena bá mi wá pè lánàá. Ẹ̀gbọ́n mi Boadu ní a kì í bá ẹni ńlá sọ̀rọ̀ láìsí agbẹnusọ, ló bá da aṣọ kẹ́ńtè bora, ó gbé fóònù sáàárín àgbàlá, gbogbo ilé sì pé jọ. Dókítà kò rí ju imú ẹ̀gbọ́n mi lọ lójú fóònù.

"Tíṣà Kwaku, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Ó ń sùn fọnfọn," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi kí ilẹ̀ má mọ́ bá yín?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lórúnkún. "Dókítà, kò sí wèrè nílé wa o. Ẹni tí kò lè fọwọ́ kan orí aláìsàn, kí ló fẹ́ rí?"

Ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Dókítà ní inú òun dùn, òun kò ní dààmú wa mọ́.

Sọ fún Abena pé ìtọ́jú náà parí síre. Kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn aṣọ mi tó wà nílé, n kò ní nílò wọn mọ́, máa fi wọ́n ta ẹni tí wọ́n bá bá mu lọ́rẹ.

Ọkọ rẹ,
Kwaku