Písà Ẹnì Kan

Ìlú Clinton, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé, písà Sicily la máa ń rà, èyí tó nípọn bíi búrẹ́dì, tó ní igun mẹ́rin. Igun tó gan yẹn ni wọ́n máa ń jà sí. Texas ni gbogbo wọn wà báyìí.

Lẹ́yìn ìsìn, mo ra ti Naples, èyí tó rí róbótó tó sì fẹ́lẹ́, mo ní kí ọmọbìnrin tó ń tà á gé e sí mẹ́rin.

"Sà, ti Naples kì í ṣe àpínjẹ. Odindi kan lẹnì kan ń jẹ."

Ṣé mo bi í ni?

Mo gbé e délé, mo jẹ ẹ́. Ó dùn ṣá. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo, bí bàbá ṣe ń fi sílẹ̀ fún ọmọ tó máa palẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ò jẹ tèmi tán o. Síbẹ̀, èmi náà ni mo fọ àwo.