Ilẹ̀ Tí O Fẹ́ Lọ Kọ́ ní Yunifásítì

Lọ́yà mi, ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí ṣe ń wọlé tọ̀ ọ́, kí ire máa wọlé tẹ̀ lé e. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń rí oorun sùn, àbí àwọn tí ẹ jọ wà nínú yàrá ṣì ń tan iná mọ́jú? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ́ níbi kò ní mọ ọ̀nà yàrá rẹ. Àlàáfíà ni àwa náà wà, ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, orí àpò tí mo fẹ́ kó àgbàdo sí ló sì bí i sí, mi ò lè bá abiyamọ jà. Télọ̀ ló ń bá mi kọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní kí ó kọ ohun tí mo bá sọ nìkan, nítorí ṣòkòtò tó rán fún mi kẹ́yìn, ó fi àpò tí mi ò bèèrè kún un.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù ló wà nílẹ̀. O ní ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin náà, dandan ni kí ẹ yan kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì kan lọ́dún àkọ́kọ́. O ní èyí tí wọ́n ti ń da ásíìdì sínú ìgò ń bà ọ́ lẹ́rù, ìwọ fẹ́ yan èyí tó dá lórí ilẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì. Mo ní rárá. Mo ní bàbá mi roko, èmi náà roko, mi ò rán ọmọ lọ sí ìlú ńlá kó lọ kọ́ ohun tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Fóònù náà dákẹ́. Mo rò pé owó inú rẹ̀ ló tán, ìyá rẹ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹkún lò ń sun.

Bíríkìlà tó ń gbé òdìkejì wa tún dá kún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ tòun ń kọ́ nípa bàálù, tèmi fẹ́ kọ́ nípa yẹ̀pẹ̀. O sì mọ̀ pé tí a bá pín oko fún ara wa láti ro, ẹni tó bá sáré mú ibi tó rọ̀, ẹnu la fi ń sìn ín délé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu sìn ọ́.

Ìyá rẹ ló wá bá mi wí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Lọ́yà, ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí àgbàdo yín kì í dáa níbẹ̀ látìgbà tí mo ti wọlé yín, ṣé ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ohun tí ẹ ò mọ̀ títí ẹ fi hewú, òun lẹ wá ní ó rọrùn jù fún ọmọ." Mo bá jáde lọ wo ewúrẹ́.

Nítorí náà, yan ilẹ̀. Kì í ṣe pé mo yí ọkàn padà o. Ọkàn mi ló lọ síbẹ̀, èmi kàn tẹ̀ lé e ni.

Mo sì mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì ni wọ́n dà sí gbogbo ilé ìwé yín, ibo ni wọn yóò ti rí ilẹ̀? Bí o ṣe ra garawa àti ibùsùn tìrẹ lọ, mo ti bu ilẹ̀ tìrẹ náà sínú àpò méjì: dúdú ti ẹ̀yìnkùlé, àti ti ẹ̀bá odò. Awakọ̀ tí yóò gbé wọn wá bá ọ ní òun kì í gbé yẹ̀pẹ̀, mo ní ìwé ọmọ mi ni. Bi olùkọ́ yín léèrè ohun tó ń ṣe ti ẹ̀bá odò, ṣùgbọ́n rọra bi í, kó má bàa rò pé ọ̀fẹ́ la fẹ́ gbà. Bí ó bá fẹ́ ra díẹ̀ lára dúdú, gba ohun tó bá fún ọ, kí o fi ránṣẹ́, nítorí bàtà ìyá rẹ ti ya, ọkọ́ tèmi náà sì ti jẹ tán.

O ní orí fóònù lẹ ti ń yàn án, àti pé àyè ti ń kún. Fóònù kékeré yẹn, kí ló kún un? Yọ àwọn tí kò wúlò kúrò nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ látorí àbúrò mi tí kì í pe ènìyàn àfi tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Bí kò bá tún gbà, lọ fi ìborùn rẹ sórí àga kan nínú kíláàsì náà, kí o jókòó tì í.

Bí wọ́n bá ní o ti pẹ́ jù, sọ fún akọ̀wé wọn pé kì í ṣe ìwọ lo pẹ́, bàbá rẹ ni. Ọjọ́ tí o pè mí lo ò bá ti yàn án, èmi ni mo dí ọ lọ́wọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí o wọlé, kí wọ́n fi ìyà ẹni tó pẹ́ jẹ mí. Mo lè wá ro ọgbà wọn.

Ohun tó le fún àwa tí a bí ọ yóò rọ̀ fún ọ. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ. Àtàǹpàkò mi nìyí nísàlẹ̀, kí akọ̀wé lè gbà ọ́ gbọ́. Télọ̀ kò ní tàdáwà, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ la lò, nítorí náà má fi ẹnu fẹ́ ẹ títí tí o ó fi fi hàn wọ́n.